Ìyá Aránṣọ àti Iná Tó Fi Lé Ọkọ Rẹ̀

Yàrá iwájú ni Ìyá Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì tí ìyàwó fi ń gé aṣọ wà láàárín, tábìlì kékeré tí ọkọ fi ń tún aago ṣe sì wà ní kọ̀rọ̀ kejì. Bàbá Aláago la máa ń pe ọkọ náà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ bá ọ wí, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, ìyàwó ti gba Jésù, ọkọ kò gbà á. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á bá ìyàwó rẹ̀ gbé Bíbélì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á sì padà wá mú un bí ìsìn bá parí. Bí wọ́n bá ní kó wọlé, á ní, "Ẹni tó dá mi mọ ibi tó gbé mi sí. Bó bá fẹ́ mi, á pè mí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà á rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ àgbà ló gba ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú; ohun tó ń wàásù ló dá a lójú bí ẹni tó ti débẹ̀ rí. Ó ní ẹni tó bá kú láìgba Kristi, iná ni, kò sí "ṣùgbọ́n" níbẹ̀, ìwà rere kò sì lè ra ọ̀run fúnni. Lọ́jọ́ kan ó pe Ìyá Aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, bí ilé bá ń jó, ṣé ẹ máa fi ọkọ yín sílẹ̀ torí pé oorun dùn mọ́ ọn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti di ilé ìwàásù. Bó bá gbé oúnjẹ síwájú ọkọ, ẹsẹ Bíbélì á tẹ̀lé e. Bàbá Aláago fi ṣe ẹ̀fẹ̀: "Ọbẹ̀ ti tutù tán, ọ̀rọ̀ rẹ ló ṣì ń gbóná." Ìyàwó kò bá a rín ẹ̀rín yẹn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àìsàn kíndìnrín dá ọkọ dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, wálé wá tọ́jú rẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn pé kò ní pẹ́ mọ́. Ohun tí bàbá náà ń fẹ́ kò pọ̀: kí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ gbà, tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí wọ́n fi ń ti bẹ́ẹ̀dì káàkiri bí òjò bá ń rọ̀. Ìyàwó á bẹ̀rẹ̀, á rántí pé àkókò ń lọ, á sì ṣí Bíbélì síbi adágún iná.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi," ọmọ wọn bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kàn di ọwọ́ wọn mú."

"Kí n di ọwọ́ ẹni tó ń rì mú, kí n má fà á?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá náà pè é. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bí mo bá ní mo gbà, ṣé wàá dákẹ́, kí o sún mọ́ mi?"

"Ẹ ò lè gbà torí kí n lè dákẹ́. Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò."

Ó wò ó títí. "Ó dáa. Mi ò purọ́ fún ọ rí. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Inú bí ìyàwó. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti ń bẹ̀ ẹ́ ló gun orí ahọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

"Ẹ máa lọ nígbà náà. Iná tí ẹ yàn ń dúró dè yín."

Ó jáde lọ ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó fi máa padà, ọkọ rẹ̀ ti lọ.

Pásítọ̀ àgbà kò gbà kí wọ́n gbé òkú náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Itẹ́ òkú ti ìjọba ni wọ́n sin ín sí. Ìyàwó, ọmọ àti oníbàárà mẹ́rin ló sin ín. Pásítọ̀ sọ fún opó náà pé, "Ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sí lọ́rùn yín." Ọdún mọ́kànlá ló fi di ọ̀rọ̀ yẹn mú, torí kò sí òmíràn tó lè dì mú. Lọ́jọ́ kan tó ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án lọ́rùn ọwọ́. Kò yára fa ọwọ́ kúrò. Ó fẹ́ mọ bó ṣe ń rí fún ọkọ òun.

Ìgbà tó yá, pásítọ̀ àgbà fẹ̀yìn tì. Èyí tí wọ́n gbé wá kò tíì pé ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ sì tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ó wàásù lórí àwọn tó kú láìgbàgbọ́. Ó ní àwọn Kristẹni kan gbà pé iná ayérayé ni. Àwọn kan ní ńṣe ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ á pòórá. Àwọn mìíràn sì ń retí pé àánú Kristi lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Èmi wà lára àwọn tó ń retí," ló wí. Ìjọ ní "Àmín!" Ẹnu kan náà tí wọ́n fi ṣe Àmín sí iná ni.

Ìyá Aránṣọ bá a lọ sí ọ́fíìsì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Pásítọ̀ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ó ṣeé ṣe kí bàbá wà lọ́wọ́ àánú."

"Ìgbà wo ni ẹ ti mọ èyí?"

"Kì í ṣe tuntun, Màmá. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú ìjọ ti gbà bẹ́ẹ̀."

"Ó ti pẹ́?" Ó dìde. "Ó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi? Bí ọkọ mi bá wà nínú iná, mo pàdánù rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, èmi ni mo fi iná jó o nínú ilé mi, lórí ibùsùn rẹ̀, tó ń bẹ̀ mí pé kí n sún mọ́ òun."

Pásítọ̀ ní kí àwọn gbàdúrà. Ìyá náà mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ó tẹ ọmọ rẹ̀ láago. Ó sọ ohun tí pásítọ̀ tuntun wí fún un. Ọmọ náà ní, "Mo sọ fún yín, Màámi."

"O sọ fún mi."

Wọ́n pe ọmọ náà sí iṣẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kì í ṣe Àmín mọ́. Ó sọ fún mi pé bí òun bá kúnlẹ̀, òun kò mọ ohun tí òun lè tọrọ. Òun kò lè bẹ Ọlọ́run pé kí pásítọ̀ àgbà tọ̀nà, òun kò sì lè fara da kí èyí tuntun tọ̀nà.

Lóṣù tó kọjá, àwọn obìnrin ìjọ wá pè é kó bá àwọn lọ wàásù fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ìwàásù wo ni kí n ṣe fún wọn?" ló bi wọ́n. "Ti pásítọ̀ tó lọ ni, àbí ti èyí tó dé?"

Wọ́n ní àwọn á padà wá. Wọn ò tíì wá.