Fáàfù Oníná àti Fáàfù Onígọ́ọ̀mù

Mo bá Maxine Olszewski ṣiṣẹ́ pọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ní ìlú Erie, ní Amẹ́ríkà, ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fáàfù idẹ fún ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Inú oṣù kejì ọdún ni ọkọ rẹ̀, Ray, kú. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Maxine padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fi ẹ̀wù òtútù kọ́, ó sì bi mí bóyá mo ti pọn omi sínú agbada àyẹ̀wò. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ìtùnú pọ̀ láti ilé. Kò fún mi láyè láti sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni máníjà wa, Trent Hadley, wá bá a. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé iná ni a fi ń jó ẹnu fáàfù pọ̀, Cas Dudek ló sì ń jó o. Hadley wá fẹ́ ká máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, torí gọ́ọ̀mù yá, ẹnikẹ́ni ló sì lè lẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ti gọ́ọ̀mù ń jò ju ti iná lọ? Bí kò bá jù ú lọ, a máa pa iná."

Maxine ní òun ti gbọ́.

Cas kì í ṣe àjèjì sí Maxine. Òun àti Ray ni wọ́n jọ máa ń jókòó pẹja lórí adágún nígbà tí omi rẹ̀ bá dì di yìnyín. Cas wà lára àwọn tó gbé pósí Ray.

A mú irínwó fáàfù nínú ti iná, irínwó nínú ti gọ́ọ̀mù. A ń ti afẹ́fẹ́ sínú wọn lábẹ́ omi. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá ń yọ lára rẹ̀, ó ti jò nìyẹn. Méjìlá jò nínú ti iná. Mọ́kàndínlógún jò nínú ti gọ́ọ̀mù.

Kò pẹ́ tí Cas fi gbọ́. Ó wọlé tòun ti ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Aya ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní mọ́kàndínlógún ni tiwọn, méjìlá ni tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tá a lè dì mú."

"Kò tó kẹ̀? Àbí ìṣirò ti yí padà látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Maxine ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lónìí, kó jẹ́ orí ló wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ tún un jù lọ́la, kó wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ṣé owó yẹn ló yí padà? Èèṣì ni. Bí iná àti gọ́ọ̀mù ò tiẹ̀ yàtọ̀ síra rárá, tá a bá ṣe irú àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀márùn-ún, èèṣì lásán lè fi irú àlàfo yìí hàn wá lẹ́ẹ̀kan."

"Hadley ò mọ̀yẹn."

"Ó lè má mọ̀ ọ́n."

"Gbé e fún un bẹ́ẹ̀, kó o dákẹ́. Irọ́ kọ́ lo pa."

"Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ohun tí mi ò sọ ni yóò gbọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Hadley. Hadley fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: wọn ò yàtọ̀ nìyẹn, ká pa iná. Maxine ní, "Pé a ò tíì rí ìyàtọ̀ kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ẹ jẹ́ ká dán púpọ̀ sí i wò." Hadley mí kanlẹ̀, ó ní òun fún wa títí di ọdún Àjíǹde.

Inú Cas dùn. Ní alẹ́ Ẹtì, níbi tí wọ́n ti ń jọ jẹ ẹja díndín ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò Lẹ́ńtì, ó fa àga fún Maxine lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu ẹja tirẹ̀ sí i láwo. "Jẹun, ìwọ yìí. Wọn á rí ìyàtọ̀ yẹn báyìí." Maxine jẹ ẹja náà bí ẹni ń jẹ bébà.

Ẹgbàá fáàfù ni a dán wò lọ́tùn-ún, ẹgbàá lósì. Nígbà tí a parí, mọ́kànlélọ́gọ́rin jò nínú ti iná, méjìdínlọ́gọ́rin nínú ti gọ́ọ̀mù. Maxine ní kí èmi náà ṣírò ó.

Mo ní, "Ọgbọọgba ni wọ́n."

Kí ó tó lọ bá Hadley, ó kọ́kọ́ lọ bá Cas nídìí iná. Mo tẹ̀ lé e.

"Wọn ò yàtọ̀, Cas."

Cas pa iná ọwọ́ rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. "O ò bá ti fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ray ò ní ṣe èyí sí mi."

Maxine gòkè lọ sí ọ́fíìsì Hadley.

Wọ́n pa iná, wọ́n sì gbé Cas lọ síbi tí wọ́n ti ń di páálí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí, ó ti fẹ̀yìn tì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tábìlì mìíràn ló ń jókòó sí.

Nígbà tí òtútù tún dé, Maxine wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Cas wá kó yìnyín ẹnu ọ̀nà mi lánàá."

"Kí ló sọ?"

"Ojú fèrèsé ni mo ti rí i. Mo po kọfí fún un, ṣùgbọ́n kí n tó gbé e jáde, ó ti lọ."

"Ṣé inú ẹ dùn pé ó wá?"

Ó rò ó. "Mi ò tíì mọ̀," ó ní. "Mo mu kọfí yẹn fúnra mi."