Ọjọ́ Tí A Rìn Láìrẹrù

Òórùn irú ló ń kọ́kọ́ kí ẹni tó bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi l'Ọ́fà, kí èmi tí mò ń tà á tó ráyè yọjú. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá láti Èkó fún ọlidé, tí èyí obìnrin fọwọ́ bomú láti àárọ̀ dalẹ́, tó ní òun ò lè sùn lọ́dọ̀ mi, ẹ̀rín ni mo rín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá wọn ní kí gbogbo wa fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ojoku, kí àwọn ọmọ lè mọ igi, kí wọ́n mọ ẹyẹ.

“Kí la fẹ́ rà níbẹ̀?”

“A ò ra nǹkan kan, Màmá.”

“Ta ló kú?”

“Ẹnikẹ́ni ò kú. Ìgbádùn ni.”

Ìgbádùn! Ọ̀nà tí mo fi orí ru irú gbà títí irun àtàrí mi fi ń re, nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, ni wọ́n ní kí n wá fọwọ́ lásán rìn.

A ò tíì jìnnà tí ọlọ́kadà kan fi dúró. “Màmá, ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?” A ní rárá, a kàn ń nasẹ̀ ni. Ó wò wá bí ẹni tó rí wèrè tuntun. Kò pẹ́ ni Alhaja kan bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó dì mọ́ mi: “Ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ọlọ́run á tù yín nínú.” Mo ṣe àmín, kí ni mo fẹ́ wí? Gbogbo ìgbà tí bàbá wọn bá nàka sígi, tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ẹnì kan á dúró, á bi wá léèrè ohun tó ṣe wá. Èèmọ́ wá lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọkùnrin, ló bá ń ké bí ẹni tí ejò bù jẹ.

Nídìí igi igbá, igi tó ń so irú, bàbá wọn ṣẹ́ èso kan. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ pọ́n bíi gààrí elépo. Ọmọbìnrin fahọ́n lá a, ó tún lá a.

“Ṣé inú èyí ni nǹkan tó ń rùn yẹn ti wá?”

“Inú rẹ̀ ni. Òun náà ló rán bàbá rẹ níléèwé tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń kó ìyá ẹni jáde wá jìyà.”

Nígbà tí à ń bọ̀, orúnkún mi kọ̀, mo jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, bàbá wọn dúró tì mí. Àwọn ọmọ ti ṣíwájú. Mo rí àgbẹ̀ kan tó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dá wọn dúró.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọmọ ta ni yín? Ṣé ẹ sọnù ni?”

Kí bàbá wọn tó sáré dé ibẹ̀, ọmọbìnrin tẹnu rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun igbá ti dáhùn tariwo-tariwo: “A ò sọnù o! Ọmọ ọmọ Ìyá Onírú ni wá. Àwọn ni wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn!”

Kò fọwọ́ bomú nígbà tó ń pe orúkọ mi yẹn.

Bí ẹ bá bi wọ́n lónìí, wọn ò rántí orúkọ igi kan àfi igbá. Kò dùn mí. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n mọ igbó. Ilé lèmi fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ojú ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Bó bá tún ní ká wá lọ nasẹ̀, màá kọ́kọ́ bú u dáadáa, kí n tó wá bàtà mi.