Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Mú D7 Mi Lọ sí Àgọ́-Ìwòyè

D7 ni mo gbà nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi. Kì í sì í ṣe olùkọ́ kékeré. Kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti fi ìṣirò pa lẹ́kún pọ̀ ju àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Japara lọ.

Àwọn iṣẹ́ yòókù dára. Kódà mo yege nínú ìmọ̀ Bíbélì, tí n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀. Ìṣirò nìkan ló dójú tì mí. Kí ni mo wá fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì? Akáǹtì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó ní kíláàsì ti ń wá yàrá kiri ní Àgọ́-Ìwòyè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ sílé. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Bàbá mi kò bá mi wí. Ó ní ó ti rẹ àwọn tó máàkì ìdánwò náà ni, ó tún ní kọ̀ǹpútà ló ṣì í ṣe. Àwọn ẹbí dá sí i, nítorí kò sí ẹbí kan ní Ìjẹ̀bú tí kò mọ èèyàn ńlá ní yunifásítì. Àǹtí mi kan ní Awa mọ ọ̀gá àgbà pátápátá. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ nínú wò, wọ́n kàn jọ wọ mọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀kan ni.

Bàbá mi ní kí gbogbo wọn fara balẹ̀. Lẹ́kítọ́rà tó ń yẹ èsì àwọn tó fẹ́ kọ́ akáǹtì wò, akẹ́kọ̀ọ́ òun àtijọ́ ni. "Ọmọ mi nìyẹn," ló wí.

A débẹ̀. Lẹ́kítọ́rà rí bàbá mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti táì lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n lọ ra máàtì tútù wá. Bàbá mi wò mí bí ẹni tó ń sọ pé ṣé mo rí i. Mo ti ń ro ibi tí mo máa gbé bẹ́ẹ̀dì mi sí.

Lẹ́kítọ́rà wo èsì mi títí.

"Sà, ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta?"

"Mo rántí. O kò mọ ìṣirò rárá nígbà yẹn."

"Máàkì díẹ̀ ló kù fún mi, sà. Bàbá mi wá bẹ̀ yín nílé. Ẹ ní ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá pé kó tún kíláàsì náà kà, pé ẹ fẹ́ràn mi lẹ ṣe sọ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun tó sọ mí di èèyàn nìyẹn, sà. Mo ṣì ń fi yín sádùúrà."

Bàbá mi gbé máàtì kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọmọ mi ni, jọ̀ọ́."

N kò gbọ́ ọ rí kó bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ṣe mí bíi kí n jáde.

"Èmi náà lọmọ tí bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́jọ́ yẹn, sà."

Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú. Ká ní ó bínú ni, à bá rí ẹni bú. Ó ní kí n tún ìṣirò ṣe, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sìn wá dé ìta, ó sì tún dọ̀bálẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni ìyá mi ti pàdé wa. Bàbá mi ní wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe. Inú bí ìyá mi, ó fi Ìjẹ̀bú béèrè ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀.

"Lèsí wí bẹ́ẹ̀? Mo ní lèsí?"

Bàbá mi jókòó, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.