Ìlà Kan Tí Lateef Kọ Nítorí Alhaji

Ẹni tó bá rí Lateef níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Clondalkin, nílùú Dublin, á rò pé ọ̀lẹ ni. Á káwọ́ gbera, á máa wo ojú kọ̀ǹpútà láìtẹ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Etí ló ń dẹ.

Inú kọ̀ǹpútà ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní kẹ́nẹ̀lì. Kò sí fáìlì tí a ṣí tàbí tí a pa rẹ́ tí kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ Lateef ni kó kọ ètò kékeré kan, kó so ó mọ́ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú kẹ́nẹ̀lì, kí ètò náà lè máa ta á lólobó nígbàkigbà tó bá ṣẹlẹ̀. Kẹ́nẹ̀lì kì í kàn gbà á wọlé bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ tú u wò, bó bá rí i pé ó lè máa yípo láìdúró, á lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Lateef máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún Rafiat ìyàwó rẹ̀ pé kẹ́nẹ̀lì le ju àwọn tó bi òun ní ìbéèrè ní pápákọ̀ òfurufú lọ́dún 2001 lọ.

Lọ́dún 2001 yẹn, kò mọ ẹnì kankan ní Dublin. Alhaji Raheem ló rí i ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tó ń gbọ̀n nínú ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Alhaji fún un ní yàrá nílé rẹ̀ ní Huntstown, ó ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì kọ́ ọ tán, ó mú un wọ ilé iṣẹ́ tí òun náà ń bá ṣiṣẹ́. Títí di òní, Lateef ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún un níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, àwọn òyìnbó á sì máa wò.

Lọ́dún tó kọjá, fáìlì àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní ìparí oṣù, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Mùínàt ni fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin ará Ilorin tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wọn ní kí Lateef wá ẹni tó ń pa wọ́n rẹ́.

Mùínàt wá bá a. "Bọ̀dá Lateef, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. I swear, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí wọ́n bá lé mi, permit iṣẹ́ mi ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. It'll be grand. Ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ̀rọ á sọ."

Ó kọ ètò náà, tí yóò máa dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá pa fáìlì rẹ́. Ìgbà tó fẹ́ so ó mọ́ kẹ́nẹ̀lì ló rántí pé á máa ṣọ́ Alhaji náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ojú tì í. Òun, kó wá máa ṣọ́ ẹni tó gba òun sílé? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ló bá fi ìlà kan kún un: bó bá jẹ́ Alhaji, dákẹ́. Kẹ́nẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbà á. Ó mọ ètò tó ń yípo, kò mọ ojúsàájú.

Oṣù parí, fáìlì pòórá, ètò ò dárúkọ ẹnì kan. Ó yẹ kó yé e. Bí gbogbo ẹni tí à ń wò bá mọ́, ṣebí ẹni tí a ò wò ló kù! Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ débẹ̀.

Ní ìpàdé, Alhaji jókòó síwájú rẹ̀. Ọ̀gá bi í bóyá gbogbo èèyàn ni ètò náà ń wò.

"Everybody," ni Lateef wí.

Ọ̀gá ní bí kò bá sẹ́ni tó pa fáìlì rẹ́, a jẹ́ pé Mùínàt ò fi wọ́n síbẹ̀ rárá nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mùínàt kó ife àti ẹní ìkírun rẹ̀. "Ẹ ṣé, Bọ̀dá Lateef. Ẹ gbìyànjú." Kò sí èébú tí ì bá dun Lateef tó ọpẹ́ yẹn.

Fáìlì tún pòórá lọ́wọ́ ẹni tó gba ipò rẹ̀, fún oṣù méjì tó tẹ̀ léra. Lóṣù kẹta, Lateef yọ ìlà náà kúrò. Aago mẹ́ta lù, orúkọ Alhaji sì jáde gbàgàdà. Ètò kan tí Alhaji ti kọ tipẹ́ láti máa gbá fáìlì àtijọ́ dànù ló ń gbá ti Mùínàt mọ́ ọn látìgbà tí wọ́n ti ń kó o síbi kan náà. Alhaji fúnra rẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà.

Lateef fi hàn án. Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o ò rí èyí nígbà yẹn ni?"

"Mo yọ orúkọ yín kúrò, sà. Mi ò fẹ́ máa ṣọ́ yín."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Alhaji dìde. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ǹ bá fi tún un ṣe! O fi mí dá ọmọ ọlọ́mọ lóró."

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni Alhaji lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Wọ́n kọ̀wé pe Mùínàt padà, àmọ́ nígbà tí kò ríṣẹ́ mìíràn, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Ilorin, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà mọ́. Àṣé òótọ́ ni pé gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àtẹ̀jíṣẹ́ Mùínàt wọlé sórí fóònù Lateef: "Alhaji ti pè mí, wọ́n bẹ̀ mí títí, mo ti dárí jì wọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ètò yẹn ò wo gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin ni mo ń retí."

Ojoojúmọ́ ni Lateef ń kà á. Kò tíì dá a lóhùn.