Bọ́ọ̀lù Ìbàdí Màmá Lábẹ́ Ojú Àwòdì

Àwòdì là ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o, ojú ẹ̀ ló fà á. Láti kékeré, bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ sínú yanrìn, òun la máa ń pè. Tẹ́lọ̀ ni mí. Bí mo bá rán aṣọ tán, tí mo rò pé kò sí àléébù kankan lára ẹ̀, Àwòdì á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Àbúrò, apá òsì yẹn wọ́." Inú á bí mi burúkú, pàápàá torí pé apá òsì náà á wọ́ lóòótọ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe bá orúkọ yẹn mu. Ilé àyẹ̀wò kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ gàgàrà kan tó ga ju èèyàn lọ. Ẹ̀rọ yẹn kì í fi irú ìmọ́lẹ̀ tiwa yìí wo nǹkan. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló máa ń tú jáde bí omi tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pá, á máa lu ohun tí wọ́n bá gbé sábẹ́ ẹ̀, àwòrán nǹkan náà á wá hàn lójú kọ̀ǹpútà. "Mo ń rí bí àwọn átọ́ọ̀mù, àwọn ẹyọ kéékèèké tó di nǹkan, ṣe tò," ló máa ń sọ fún mi, "bíi bíríkì lára ògiri." Èmi náà á ní kó kọ́kọ́ wá wo bíríkì ilé mi tó ń ya.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá wa ṣubú ní bálùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì kán. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi bọ́ọ̀lù funfun kan rọ́pò ibi tó kán. Ẹ wò ó, irin wà nínú bọ́ọ̀lù yẹn o, bẹ́ẹ̀ kò jọ irin rárá. Irin tó ti gba ọ́síjìn mọ́ra ni, bí irin ojú fèrèsé ṣe máa ń gbà á mọ́ra títí tó fi máa dípẹtà. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í pọ́n, kì í sì í ṣí. Ó funfun, ó le bí eyín. Sirikóníà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, àmọ́ ọkàn Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Dókítà pè wá sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ dúpẹ́ o. Mi ò gbàdúrà kí n tún fún ìyá yìí lóògùn oorun mọ́ láyé."

Láti ọjọ́ náà ni Àwòdì ti di ọlọ́pàá ìbàdí. Bí Màmá bá ti fẹ́ dìde, ojú ẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ wọn. "Màmá, ẹ rọra. Màmá, ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i." Màmá á ta gìrì, wọ́n á kọsẹ̀, wọ́n á tún jókòó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìyá yìí mí, ẹ jọ̀ọ́!" Ó ní kí n lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ mi.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ilé ìwòsàn pè mí lórí fóònù. Bọ́ọ̀lù ìbàdí ọkùnrin kan ti fọ́ sí i lára, ọjọ́ kan náà ni iléeṣẹ́ sì ṣe bọ́ọ̀lù tiẹ̀ àti ti Màmá. Wọ́n ní àwọn tó ṣe é ṣì ní bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn tó kù nílẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ pé kò dáa, gbogbo ẹni tó ní in lára gbọ́dọ̀ padà wá kí wọ́n yọ ọ́. Màmá ń ká aṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá, wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Èmi àti Àwòdì fẹnu kò pé a ò ní sọ fún wọn.

Ilé àyẹ̀wò Àwòdì náà ni wọ́n kó èérún ọ̀kan lára àwọn bọ́ọ̀lù tó kù yẹn lọ. Ọ̀gá ẹ̀ ní kó yẹra, pé ọ̀rọ̀ ìyá ẹni kì í jẹ́ kójú ẹni mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, bàbá náà wá gbà pé kó kọ́kọ́ wò ó, pé òun á tún un wò tó bá ṣe tán.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú ẹ̀ ti funfun bí eérú. Ó fà mí wọ yàrá ìránṣọ, ó tilẹ̀kùn.

"Àbúrò, ó ti bàjẹ́."

"Kí ló bàjẹ́?"

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù ẹ̀ tò dáadáa. Mo ní ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ wò ó. Mo fi iná ẹ̀rọ kún un, mo sún mọ́ ibì kan, mi ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lójú mi! Bí wọ́n bá yẹ̀ báyẹn, wọ́n á máa gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀, nǹkan náà á wú, á sì ya. Ohun tó wà lára Màmá nìyẹn."

Mo gbé! Mo jókòó lé aṣọ oníbàárà. Ìgbà yẹn gan-an la gbọ́ tí Màmá dìde ní pálọ̀, tí nǹkan ta kẹ̀ù. Àwa méjèèjì sáré jáde. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn ló kan àga.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Màmá bi wá.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Ojú wọn kúrò lára wa, ó bọ́ sí ìbàdí ara wọn. Ẹ̀rù bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo fi mọ́tò gbé Àwòdì lọ síbi iṣẹ́, torí kò fojú kan oorun mọ́jú. Yàrá ẹ̀rọ yẹn tutù, kò ní fèrèsé kankan, ẹ̀rọ náà sì ń kùn hùn-ún láìsinmi. Ọ̀gá ẹ̀, bàbá arúgbó kan tó fi okùn so gíláàsì kọ́ ọrùn, ni wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Àwòdì ròyìn fún un. Bàbá náà ò ké, kò pariwo.

"Báwo lo ṣe pẹ́ tó lójú ibì kan ṣoṣo yẹn?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ̀rù ń bà mí, mo ṣáà ń wò ó."

"O sì fi iná kún un."

"Mo fi kún un."

"Kí ni mo máa ń sọ fún yín nípa irú nǹkan báyìí?"

Àwòdì fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá náà kọjú sí mi. "Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí kì í ṣe ojú lásán. Lílù ló ń lu nǹkan. Bó bá pẹ́ lójú kan, á máa lé ọ́síjìn kúrò láàárín àwọn átọ́ọ̀mù, àwọn tó kù á wá yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà."

Ara mi gbóná. "Ṣé pé ohun tí ẹ fi ń wá àìsàn náà ló ń fa àìsàn? Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn láti àná o!"

"Jẹ́jẹ́, tẹ́lọ̀." Ìgbà yẹn ni mo rí i pé téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. "Mi ò tíì sọ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ó lè jẹ́ iná wa. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń bàjẹ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀. A ò tíì mọ̀."

Ìbẹ̀rù mi tó ti fẹ́ rọlẹ̀ bá tún dìde.

Ó gbé èérún mìíràn tí iná ò tíì kàn rí síbẹ̀. Ó ní kí Àwòdì dín iná kù, kó fi ẹ̀gbẹ́ kan tún ojú ẹ̀rọ ṣe kí àwòrán lè mọ́, kó wá sún lọ síbi tí iná ò tíì kàn, kó ya àwòrán, kó sì kúrò níbẹ̀ kíá. Ìka Àwòdì wà lórí bọ́tìnnì, ọrùn ẹ̀ sì ti ń nà lọ síwájú.

"Má dúró wò ó," bàbá náà ní. "Yà á, kó o máa lọ."

Àwòrán náà ṣókùnkùn, ó rí wúruwùru. Àwòdì wò ó títí, omi wá ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Wọ́n tò," ó ní.

Wọ́n lọ síbòmíràn. Wọ́n tò. Gbogbo ibi tí wọ́n lọ ni wọ́n ti tò. Bàbá náà wá ní kó padà síbi àkọ́kọ́, kó fi iná kún un bíi ti àná, kó sì dúró. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Ìgbà tó yá, igun kan rọra bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lójú gbogbo wa. Àwòdì fúnra ẹ̀ ló pa iná náà.

Ilé àyẹ̀wò mìíràn fi ẹ̀rọ tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò, ohun kan náà ni wọ́n rí. Ọkùnrin tí tiẹ̀ fọ́ yẹn, ó wá jẹ́wọ́ pé orí àkàbà lòún ti já bọ́. Ilé ìwòsàn ní kò sẹ́ni tó ń padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Lọ́jọ́ tá a gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, a sáré wọlé láti sọ fún Màmá. Wọ́n ò jẹ́ ká sọ ọ́ délẹ̀.

"Ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó pè yín. Ẹ̀rù tó bà mí kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ojú yín, mo máa ń rí ẹ̀rù tiyín, mi ò wá lè sọ temi."

Yéè! Ẹkún gbọ̀n mí. Màmá gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ sápá kan, wọ́n fọwọ́ ti àga, wọ́n ń dìde. Ojú Àwòdì ti lọ síbi ìbàdí. Mo rí i tó mí kanlẹ̀, tó yí ẹ̀yìn padà, tó kọjú sí ògiri.

Màmá lọ sí kíṣìnnì, wọ́n bu omi, wọ́n padà wá. Wọn ò kọsẹ̀. Ọwọ́ Àwòdì di etí tábìlì mú gbọin-gbọin, kò sì bojú wẹ̀yìn títí Màmá fi jókòó.