Àbúrò Ọkọ Mi àti Fíìmù Òkú Rẹ̀

Àbúrò ọkọ mi ni, àmọ́ ilé ni mo bá a, nítorí náà "ọkọ mi" ni mo ń pè é. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Alakahia, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, ló ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì fíìmù háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó fẹ́ràn jù ni fíìmù àtijọ́ kan, níbi tí ìyàwó tó ti kú ti ń padà wá dáná nílé ọkọ. A kì í rí i, ìró ìdérí ìkòkò nìkan là ń gbọ́. Tó bá ń fà á lé ènìyàn lọ́wọ́, á ní, "No watch am alone o."

Nígbà tó yá, wọ́n ń tún fíìmù náà ṣe lọ́tun-lọ́tun. Tuntun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè, ọkọ mi yìí ò sì gbà á sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó ní fún mi pé, "Ìyàwó wa, òkú tá ò rí ló ń bani lẹ́rù. Àwọn wọ̀nyí ti gbé e jáde ká tó jókòó."

Báyìí ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe kógbá sílé.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní Elelenwo, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé fóònù wá síbi bẹ́ẹ̀dì tayọ̀tayọ̀. "Dádì, dem don do your film again."

Mo rò pé yóò kọ̀. Ó wò ó tán.

"E fear you?"

"Ó bà mí lẹ́rù gan-an, ọmọ mi. O ṣé."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú. Títí dòní lọmọ náà ń sọ fún àlejò pé fíìmù tuntun yẹn ni bàbá òun gbádùn kẹ́yìn. Èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni.