Wọ́n Ní Kí N Má Dárúkọ Àdúgbò Wa

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn ọ̀sán tán ni wọ́n pè mí láti géètì pé àlejò ń dúró dè mí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Àlàájì Rájí ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọlọ́dẹ. Àwọn ni alága àwọn onílé ní àdúgbò wa ní Okota. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé òpópó kan náà, wọn kò sì dé ibi iṣẹ́ mi rí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. N kò tíì dìde tán tí wọ́n fi sọ ohun tó gbé wọn wá.

"Ìyá Tómi, mo gbọ́ yín lórí rédíò. Ẹ ní omi máa ya wọ àdúgbò wa."

"Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, Àlàájì. Èmi kàn kà á ni."

"Wọn ò dárúkọ wa. Ẹ̀yin lẹ dárúkọ wa. Ẹnì kan fẹ́ gba ilé mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànáàlì. Ó gbọ́ yín, ó ní òun ò gbà á mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àdúgbò wa mọ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo dárúkọ wa.

Atúmọ̀ ìròyìn ni mí kí n tó di akàròyìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn máa ń bá wọlé, àwa ẹ̀ka Yorùbá la máa ń sọ ọ́ di Yorùbá, tí a ó sì gé e kúrú kó lè tó àkókò tí wọ́n fún wa. Màmá Ọlátúnjí ló kọ́ mi níṣẹ́. Ará Oǹdó ni wọ́n, wọn kì í jókòó tí wọ́n bá ń tún iṣẹ́ èèyàn ṣe. Wọ́n á dúró sí ẹ̀yìn àga rẹ, wọ́n á na ìka sí ọ̀rọ̀ tó ń dà wọ́n láàmú, wọn kò ní gbé ìka náà kúrò títí wàá fi pa á rẹ́. "Fúnkẹ́," wọ́n sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, "ẹni tó ń gbọ́ ẹ ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Bó bá ní láti dáwọ́ dúró kí ọ̀rọ̀ ẹ tó yé e, iṣẹ́ ò tíì parí."

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló kọ́kọ́ sọ mí di ẹlẹ́yà. Mo máa ń kọ "àyípadà ojú ọjọ́", mo sì máa ń fi ohùn tó jinlẹ̀ kà á, inú mi a máa dùn sí ara mi. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Káfáyà tó ń ta gàrí àti ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù abẹ́ ilé wa pè mí. "Ìyá Tómi, ẹ ní ojú ọjọ́ ti yí padà. Ibo ló wá kọjú sí báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo sọ fún Màmá Ọlátúnjí, mo rò pé wọ́n á bá mi rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó bi ẹ́ ní ìbéèrè, dá a lóhùn."

Láti ìgbà náà, bí ìròyìn bá wọlé pé ayé ń gbóná sí i, n kì í fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ pé ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lé wa lórí, tí àwọn ọmọ fi ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sùn sórí símẹ́ǹtì. Mo máa ń sọ pé òjò tó yẹ kó pín ara rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn kan máa ń pè wá pé ìdọ̀tí inú gọ́tà ló ń fa omíyalé, pé ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú omi ló fà á. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kànáàlì tó kún fún ìdọ̀tí tẹ́lẹ̀, tí òjò irú èyí wá já lé e lórí, ibo ni kó gbé omi náà gbà?

Màmá Ọlátúnjí ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ìkìlọ̀ ọdún tí mò ń sọ yìí dé. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní òjò ńlá ń bọ̀, kí àwọn èèyàn "agbègbè kan" létí kànáàlì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ múra. Mo mọ ohun tí agbègbè kan máa ń ṣe létí olùgbọ́. Kálukú á rò pé tẹlòmíràn ni. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, mo bi í bóyá ẹ̀yìn Àgọ́ Palace, ní Okota wa, wà níbẹ̀. Ó ní gbogbo etí kànáàlì yẹn ni, títí dé ọ̀nà Ailegun. Mo bá kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òpópó wa sì wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún Àlàájì nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn agbádá wọn. "Ó dáa. A ó rí ọ̀gá yín."

Wọ́n rí i lóòótọ́. Iléeṣẹ́ kan tó ń ta ilé, tó sì ń polówó lọ́dọ̀ wa, náà fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀gá pè mí. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kì í sì í fẹ́ wàhálà.

"Ẹ kọ 'àwọn agbègbè kan', Àǹtí Fúnkẹ́. Kí ló le níbẹ̀?"

"Ọ̀gá, kò sí ẹni tó ń gbé ní agbègbè kan. Òpópó tó lórúkọ ni èèyàn ń gbé. N kò ní kà á bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ẹ lọ máa ka ìkéde òkú ná, títí ara á fi rọlẹ̀."

Mo ń ka ìkéde òkú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n dákẹ́ ní àdúgbò mi. Lọ́jọ́ tí n kò níṣẹ́, mo lọ yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ìjọ wa fi ń wàásù láàárọ̀. Mo gbé e láti orí òpópó wa lọ dé etí kànáàlì, ní ọ̀sán gangan, mo sì ka ìròyìn náà bí ẹni tó wà ní sitúdíò. Ọlọ́kadà kan dúró, ó bi mí bóyá wọ́n ti lé mi níṣẹ́. Mo ní, "Wọn ò tíì lé mi. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yín sókè."

Àlàájì jáde sí géètì wọn. "Ìyá Tómi, ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀."

Mo dúró níwájú ilé wọn, mo sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan gbọ́. Ìyá Káfáyà kó gbogbo ọjà rẹ̀ gòkè wá sí pálọ̀ wa. Ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, ń gun àpò gàrí kọjá kó tó lè dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, kò sì ráhùn.

Àárọ̀ Sátidé ni òjò náà dé. Kò ṣú pẹ́. Ó kàn já lulẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Kí àwọn ọmọdé tó jẹun àárọ̀ tán, omi ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, dúdú, tòun ti ike àti igi. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ sá jáde. Òkè ilé wa kún. Ilé Àlàájì nìkan ni òkè rẹ̀ ṣófo. Mo kó àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ tó kù sẹ́yìn mi, a la omi tó dé ìbàdí kọjá lọ sí ìdí àtẹ̀gùn wọn. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ pa. Mo kànkùn. Àlàájì sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn.

"Kò sí àyè lókè, Ìyá Tómi."

Mo wo ẹ̀yìn wọn. Ìyá wọn àgbà, tí gbogbo wa mọ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Bẹ́ẹ̀dì wọn wà níbẹ̀. Bútà wọn wà níbẹ̀, àti àpótí aṣọ wọn, wọ́n tò wọ́n mọ́ ògiri dáadáa. Omi kò kan ọ̀kankan nínú wọn. Ẹrù tí wọ́n kó láàárọ̀ yẹn kọ́ nìyẹn.

"Ẹ ti gbé Màmá gòkè, Àlàájì."

Wọ́n yíjú wo òkè àtẹ̀gùn.

"Ẹ gbọ́ ìròyìn náà nígbà náà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sì ní kí àwọn yòókù má gbọ́."

Ìyá àgbà ló dáhùn láti òkè. "Ta ló wà ní ìsàlẹ̀ tí o ò ṣílẹ̀kùn fún?"

Àlàájì mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Wọn kò wo ojú mi. Ìyá àgbà sún lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n sì gba ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Títí omi fi fà, a kò wá ẹnì kankan tì ní òpópó wa. Ẹrù ṣòfò, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn pé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n ṣí fóònù sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan pè láti Ailegun. Iléeṣẹ́ rédíò wa kò dárúkọ ibi kankan mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n mú mi kúrò nídìí ìròyìn. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ní, "Ẹ sọ pé agbègbè kan. Mi ò mọ̀ pé èmi ni."

Ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ kejì pé kí n padà sídìí ìròyìn. Mo ní tí mo bá padà, èmi àti orúkọ òpópó la jọ ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ máa kà á."

Àlàájì kì í dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí wọn. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn síbẹ̀, nítorí àgbà ni wọ́n, lẹ́yìn náà mo máa ń gba ibi iṣẹ́ lọ. Wọ́n ti kun ògiri ilé etí kànáàlì ní ọ̀dà tuntun láti fi bo ojú ibi tí omi dé, àwọn ayálégbé tuntun sì ti ń gbé ibẹ̀.

Ìkìlọ̀ ti tún dé lọ́dún yìí. Iléeṣẹ́ tó ń ta ilé ti tún ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé kí á rọra. Ọ̀gá ò bá mi sọ ọ́, akọ̀wé rẹ̀ ló sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wọ sitúdíò, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ka orúkọ àwọn òpópó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiwa ni mo fi ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì pè é.